Mo fẹ́ kọ ìtàn ọ̀daràn ní ìlú apẹja kan ní Scotland: kí ni kí n kà, kí ni kí n mọ̀?

Àkàndé Aberdeen

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aberdeen ni mò ń gbé, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló gbé mi débẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń ka àwọn ìtàn ọ̀daràn tí wọ́n ń kọ nípa etíkun apá ibí, ó wá ń ṣe mí bíi kí n kọ ọ̀kan ní èdè wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju báyìí lọ: ìlú èbúté kékeré kan láàárín Fraserburgh sí Buckie, èmi ni màá sọ ọ́ lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú oṣù kọkànlá, wọ́n rí òkú ọ̀gá ọkọ̀ apẹja kan nínú omi èbúté. Gbogbo ìlú ní ó mutí yó, ó yọ̀ ṣubú, ó tán. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti Aberdeen wá kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo há sí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi sọ̀rọ̀. Bó bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á fi tíì lọ̀ ọ́, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ òjò àti afẹ́fẹ́, wọ́n á sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìtàn dúró gbagidi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kà? Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n má bàa kọ ìkọkúkọ?

Títí Oníwèé

Àkàndé, ìdákẹ́jẹ́ tí ò ń ráhùn lé lórí yẹn gan-an ni ìtàn rẹ. Lọ ka The Blackhouse ti Peter May. Àwọn atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́, ilẹ̀ Faransé ló ti kọ́kọ́ jáde ní 2009, 2011 ló tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Fin Macleod, ọlọ́pàá Edinburgh tí wọ́n bí sí erékùṣù Lewis, ni wọ́n rán padà sílé torí pé wọ́n pa ẹnì kan níbẹ̀ lọ́nà tó jọ ti ẹjọ́ kan tó ń wádìí. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀ràn kò sí níbi tí wọ́n ti rí òkú. Ó wà lórí àpáta kan láàárín òkun.

Àpáta yẹn kì í ṣe àròsọ pátápátá o. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá láti agbègbè Ness, ní ìpẹ̀kun àríwá Lewis, ló máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Sula Sgeir, nǹkan bíi máìlì 40 sínú òkun, láti lọ kó ọmọ ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní guga. Wọ́n á lo bí ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ nínú àwọn àgọ́ olókùúta, wọ́n á máa fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, wọ́n á fi iyọ̀ pa ẹran náà mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyẹ 2,000 ni ìjọba fún wọn láyè láti pa. May mú àṣà yìí, ó yí orúkọ àpáta padà, ó sì fi òfin kan kún un: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lókè yẹn, òkè yẹn ni yóò kù sí. Gbogbo ìwé náà, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Lẹ́yìn náà kí o ka Raven Black ti Ann Cleeves, 2006, ó gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ọ̀daràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Shetland ni, àwọn erékùṣù tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá Scotland. Ọlọ́pàá ibẹ̀ ń jẹ́ Jimmy Perez, ọmọ Fair Isle, orúkọ Sípéènì. Cleeves gbé e ka ọkọ̀ ogun Sípéènì kan, El Gran Grifón, tó fọ́ sí Fair Isle lóòótọ́ ní 1588. O rí ọgbọ́n rẹ̀? Ọmọ ilẹ̀ ni, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ń sọ pé àlejò ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ tó ti Aberdeen wá yẹn, àlejò lásán ni. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ìlú, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un?

Bàbá Àrẹ̀mú

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, 2009, 2011. Àwa ka Kidnapped ní ilé-ìwé kí wọ́n tó bí yín. Robert Louis Stevenson, 1886. Ìdílé rẹ̀ ló ń kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi káàkiri etíkun Scotland, òun ní tirẹ̀ sá lọ sídìí ìwé kíkọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibì kan. Àbúrò bàbá David Balfour, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìwé náà dá lé, ti tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ kan kí wọ́n lọ tà á sóko ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ fọ́ lára àwọn òkúta tó wà nítòsí erékùṣù Mull, omi gbé ọmọ náà sórí erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Earraid. Òjò ń lù ú, ó ń jẹ ìgbín òkun ní tútù, inú ń run ún, ó ń wo èéfín ilé àwọn ènìyàn lódìkejì omi, kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ̀ apẹja kan kọjá, ó kígbe títí, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì ló tó yé e: bí omi bá ti fà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn kúrò ní erékùṣù yẹn! Ọmọ ìlú tó jìnnà sí òkun ni David, kò mọ omi. Stevenson ní tirẹ̀ mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó. Earraid ni àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ pàgọ́ sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ Dhu Heartach, òun fúnra rẹ̀ gbé ibẹ̀ ní 1870.

Ìpànìyàn tó wà nínú ìwé náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1752, wọ́n yìnbọn pa Colin Campbell, ajẹ́lẹ̀ tó ń gba owó ilẹ̀ ní Appin, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Wọn ò rí ẹni tó yìnbọn mú, wọ́n mú James Stewart. Nínú àwọn 15 tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, 11 ló ń jẹ́ Campbell, olórí ìdílé Campbell fúnra rẹ̀ ló sì wà lórí àga ìdájọ́. Wọ́n yẹgi fún un. Wọ́n ní orúkọ ẹni tó yìnbọn ṣì wà nínú àwọn ìdílé kan lágbègbè yẹn títí dòní, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àkàndé, tí o bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ń bí mi nínú nípa àwọn ìwé tuntun yẹn ṣá. Ìpànìyàn ṣọ̀wọ́n gan-an ní Shetland. Ẹni tó bá ń wo eré wọn lórí tẹlifíṣọ̀n á rò pé kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ mọ́.

Ṣọlá Glasgow

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ ka ìtàn "wọn ò pa ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí" 😂

Àkàndé, mo ní ẹ̀bùn fún ẹ. Flannan Isles, àwọn erékùṣù kéékèèké ní ìwọ̀-oòrùn Lewis, 1900. Àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ pòórá. Wọ́n dé ibẹ̀, oúnjẹ wà lórí tábìlì, àga kan ti dojú dé, ìwé àkọsílẹ̀ wọn sọ pé wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbàdúrà nítorí ìjì. Ta ló gbé wọn lọ? Mú un!

Títí Oníwèé

Ṣọlá, àga àti oúnjẹ yẹn, ewì ni wọ́n ti wá. Wilfrid Gibson ló kọ ọ́ ní 1912. Ti ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ń sunkún náà, àwọn kan ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tí wọ́n rí gan-an dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ni ọkọ̀ Hesperus dé ibẹ̀ láti pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Àtùpà ti mọ́, epo ti wà nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan létòlétò. Ẹni méjì ti wọ aṣọ òjò àti bàtà wọn jáde. Ti ẹnì kẹta ṣì wà níbi tí ó fi kọ́ sí, ìyẹn ni pé nínú ẹ̀wù lásán ló jáde síta ní oṣù kejìlá. Ní ibùdókọ̀ apá ìwọ̀-oòrùn, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 100 sókè omi, irin ti wọ́, àpótí tí wọ́n ń kó okùn sí ti fọ́. Robert Muirhead tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ìgbì ló gbá wọn lọ. Ìwọ wo ẹ̀wù kan tó ṣẹ́ kù yẹn. Kí ló lé ọkùnrin yẹn jáde láìmú un?

Ṣọlá Glasgow

Ewì tàbí òótọ́, mo fẹ́ràn àga yẹn 😒

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ kú ìjókòó o. Apẹja ni bàbá mi, Ìlàjẹ ni wá. Mo ti ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí ẹ dárúkọ, mo sì máa ń mọ òǹkọ̀wé tó ti bá omi gbé yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wò ó láti ojú fèrèsé.

Àkàndé, èbúté rẹ nìyí. Omi yẹn ń kún, ó ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí bíi méjìlá àbọ̀ ló wà láàárín ìkún kan sí èkejì. Ìyàtọ̀ àárín ìkún àti fífà lè ju mítà mẹ́ta lọ. Bí omi bá kún, ènìyàn á kàn gbẹ́sẹ̀ láti orí òkúta èbúté bọ́ sínú ọkọ̀. Bó bá fà, ọkọ̀ á wà nísàlẹ̀ pátá, àtẹ̀gùn irin tó wà lára ògiri ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, ewé omi á sì bò ó, á máa yọ̀. Nítorí náà, "ó yọ̀ ṣubú" kò tó. Aago mélòó ló ṣubú? Níbo ni omi wà nígbà náà? Ẹni tó ṣubú nígbà tí omi kún bọ́ sínú omi. Ẹni tó ṣubú nígbà tí omi fà lè lu irin ọkọ̀. Ojú ọgbẹ́ wọn lè má jọra. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ kó tó mọ ìyẹn, ìwé àkókò omi wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù èbúté.

Èèwọ̀ náà wà. Àwọn apẹja àtijọ́ ní etíkun yẹn kì í dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ lórí omi, wọn kì í dárúkọ àlùfáà, wọn kì í pe ẹja salmon ní orúkọ rẹ̀. Bó bá bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, wọ́n á sáré fọwọ́ kan irin tútù. Má wá lò ó bí ẹni ń ta ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún àlejò o. Jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé ọtí, kí àgbàlagbà kan na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì irin láìdá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ìyẹn ti tó.

Lékan Agbẹjọ́rò

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti òfin, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn Scotland láti òkèèrè ti máa ń ṣubú. Òfin wọn kì í ṣe ti England.

Ẹni tó ń wádìí ikú òjijì níbẹ̀ ni Procurator Fiscal, òun kan náà ló ń gbé afurasí lọ sílé ẹjọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣe ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀gá ọkọ̀ rẹ kú sí, ìwádìí gbangba níwájú adájọ́ di dandan. Àwọn ọmọ ìlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ńlá jẹ́ 15, kì í ṣe 12. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdájọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní: ó jẹ̀bi, kò jẹ̀bi, àti "ẹ̀rí kò tó", tó túmọ̀ sí pé o lè máa lọ sílé ṣùgbọ́n a mọ̀ ẹ́. Ọdún 2025 ni Ilé Aṣòfin Scotland dìbò láti pa ẹ̀kẹta yẹn rẹ́. Nítorí náà mọ ọdún tí ìtàn rẹ wà. Mọ̀ ọ́n fún ti ọlọ́pàá pẹ̀lú: títí di ìparí oṣù kẹta 2013, Grampian Police ló ni agbègbè yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni wọ́n da ẹgbẹ́ ọlọ́pàá mẹ́jọ pọ̀ di ọ̀kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ọ nìyí. Ní Scotland, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ènìyàn lẹ́bi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Kókó méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn, pé wọ́n hùwà ọ̀daràn náà, àti pé lágbájá ló hù ú, ẹ̀rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Wàyí o, fi òfin yẹn sínú ìlú tí gbogbo wọn jẹ́ ìbátan ara wọn. Ká ní ẹnì kan tilẹ̀ la ẹnu, ó dọwọ́ ẹnì kejì. Ẹnì kejì mọ̀ pé bí òun bá ti dákẹ́, ẹ̀rí ti ẹnì kìíní di òfo. Kò nílò láti purọ́. Kó kàn máa da tíì ni.

Títí Oníwèé

Lékan!!! Gbólóhùn "kó kàn máa da tíì" yẹn, Àkàndé, jí i lọ kíá.

Bàbá Àrẹ̀mú

Ọ̀rọ̀ tí amòfin sọ yìí ló mú Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, dá lọ́tọ̀ lójú mi. Àjà Ló Lẹrù, 1969. Ìbàdàn tóbi, ènìyàn lè sá pamọ́ sáàárín èrò. Nílùú apẹja kò sí èrò. Ọ̀daràn ń bá ọlọ́pàá jẹun nínú ilé ọtí kan náà lálẹ́.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgbà tí ìlú bá dákẹ́ ni ó burú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 1941, ọkọ̀ SS Politician fọ́ nítòsí erékùṣù Eriskay. Ìgò wisikí tó wà nínú rẹ̀ tó 264,000. Ogun ń lọ lọ́wọ́, ọtí ti wọ́n bí ojú. Kí ni ẹ rò pé àwọn ará erékùṣù ṣe? Wọ́n wọ ẹ̀wù ìyàwó wọn kí epo ọkọ̀ má bàa ba aṣọ tiwọn jẹ́, wọ́n sì ń kó o lóru. Wọ́n rì í mọ́ inú koríko, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ihò òkúta. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dé, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Wọ́n rán àwọn mélòó kan lẹ́wọ̀n, ìjọba sì fi ẹ̀tù fọ́ ọkọ̀ náà nígbẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ lè parí. Compton Mackenzie sọ ọ́ di ìwé ní 1947, wọ́n ṣe fíìmù rẹ̀ ní 1949 ní Barra tí kò jìnnà síbẹ̀. Fàyàwọ́ pọ́ńbélé ni, síbẹ̀ kò sí òǹkàwé tí kò sí lẹ́yìn àwọn ará ìlú.

Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni, Àkàndé. Lọ́jọ́ kan ó ń bo wisikí, lọ́jọ́ mìíràn ó ń bo òkú. Àwọn kan náà ni wọ́n ń dákẹ́. Ìyẹn ni kí o kọ.

Ìyá Tóbi

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ kú làákàyè. Èmi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja ní ìlú èbúté kan lápá àríwá-ìlà-oòrùn yẹn, n kò ní sọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ òkun, ẹ ò mẹ́nu ba ilẹ̀ ibi tí ẹja ń dé.

Ẹja tí à ń dì sínú páálí níbẹ̀, Titus ni, ṣàwá ni. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní òkú Èkó! Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń gba ọkọ̀ wá sí Nàìjíríà. Ẹja yẹn kan náà ló fa ọ̀ràn gidi kan. Láàárín 2002 sí 2005, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kan ń já ẹja ju iye tí òfin gbà wọ́n láyè lọ, ní Lerwick ní Shetland àti ní Peterhead. Owó ẹja tí wọ́n fi pamọ́ tó £63 mílíọ̀nù. Nígbà tí àwọn tó ń wádìí wọlé, wọ́n bá páìpù abẹ́ ilẹ̀, òṣùwọ̀n ìkọ̀kọ̀, kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sí àjà. 2012 ni ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu owó ìtanràn lé wọn. "Ẹja dúdú" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá bi ara yín: ta ló wa ọkọ̀ akẹ́rù tó kó o? Ta ló dì í? Ta ló fọ ilẹ̀ tí wọ́n já a sí? Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ọmọ nílé-ìwé, wọ́n ń san owó ilé. Àkàndé ń wá ìdí tí wọ́n fi pa ọ̀gá ọkọ̀. Ìdí rèé. Ó ti darúgbó, ó ti di onígbàgbọ́ tuntun, ó fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́ dárúkọ àwọn tí wọn ò mú nígbà náà.

Nípa àwọn obìnrin: má fi wọ́n sídìí ìkòkò nìkan. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin tó ń la ikùn ṣàwá máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ láti Shetland wá títí dé Yarmouth ní England, mẹ́ta mẹ́ta, méjì ń là, ẹnì kẹta ń tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀. Wọ́n á fi àkísà wé ìka wọn torí ọ̀bẹ àti iyọ̀. Ìyá àgbà kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà ìsinmi tíì, ó fi ìka ara rẹ̀ hàn mí, àpá wà lójú oríkèé gbogbo, ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ bá gbọ́n, ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni kó lọ. Kó má béèrè ẹni tó pa á. Kó béèrè ẹni tí kò wá síbi ìsìnkú.

Ṣọlá Glasgow

Ìyá Tóbi, ẹ ò kọ tiyín ni? Mo máa rà á.

Ìyá Tóbi

Ta ni yóò bá mi tọ́jú ọmọ?

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bí ìwé kankan ṣe parí fún àwọn tí kò tíì kà á. Mo ti yọ ìdáhùn kan kúrò.

Àkàndé Aberdeen

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹja dúdú yẹn, mo ti gbà á, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àti èbúté inú ìtàn mi, àròsọ ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lékan kò jẹ́ kí n sùn. Mo nílò ẹlẹ́rìí tí ìdákẹ́jẹ́ ìlú kò kàn. Mo ti rí i: Kofi, ọmọ Ghana, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ọ̀gá tó kú náà. Àwọn ọmọ Ghana àti Philippines pọ̀ lórí ọkọ̀ apẹja Scotland. Inú ọkọ̀ ló sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ó gbọ́ nǹkan.

Ìyá Tóbi

Ó dáa, ṣùgbọ́n mọ ìdí tó fi sùn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ìwé àṣẹ ìkọjá ni wọ́n fi wọlé, èyí tó gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ kìkì lẹ́yìn máìlì 12 sínú òkun. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Bó bá la ẹnu, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Òun náà ní ìdí tirẹ̀ láti dákẹ́. Má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ tó kàn dúró de ọlọ́pàá.

Lékan Agbẹjọ́rò

Ìyá Tóbi ti sọ ọ́. Tèmi kò yí padà: Kofi jẹ́ ẹnì kan. Ẹ̀rí kejì kò di dandan kó jẹ́ ènìyàn ṣá, nǹkan lè jẹ́rìí. Ọkọ̀ apẹja tó bá gùn ju mítà 15 lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ AIS tó ń fi ibi tó wà hàn. Bí ẹnì kan bá pa ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́ta lóru, àlàfo yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ayétòrò

Fún ìkọlùkọgbà díẹ̀: ní Buckie àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀, orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ kò pọ̀, Smith rẹpẹtẹ, Cowie rẹpẹtẹ, débi pé àlàjẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ara wọn yàtọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Jẹ́ kí Kofi gbọ́ àlàjẹ́ kan lóru yẹn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè wá a nínú kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹnu ará ìlú nìkan ló ti lè mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Àkàndé Aberdeen

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó:

"Òjò kò rọ̀ lóru yẹn. Ní aago mẹ́jọ ku díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, omi ti fà tán, láti orí èbúté òrùlé ọkọ̀ nìkan ni ènìyàn ń wò. Kofi di àtẹ̀gùn irin mú, ó ń gòkè. Ewé omi bo irin náà, ó tutù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní agbedeméjì, bàtà rọ́bà ọ̀gá rẹ̀ há sáàárín irin àti ògiri. Ó yọ ọ́. Ó fi ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó wá bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ gbẹ."

Ṣọlá Glasgow

Ó dùn, àmọ́ kí ló kan bàtà?

Ọmọ Ayétòrò

Ha! Ṣọlá, ka ibi tí bàtà wà. Níbi tí ewé omi bò. Omi ń bo ibẹ̀ nígbà tó bá kún. Bó bá ṣe pé lóru ni ọkùnrin yẹn ṣubú tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi yóò ti wọ inú rẹ̀ tàbí kó gbé e lọ. Ẹnì kan gbé e há síbẹ̀ lẹ́yìn tí omi fà, kí wọ́n lè sọ pé ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Bàbá Àrẹ̀mú

Àkàndé, má ṣàlàyé ìyẹn nínú ìwé o, ó kéré tán kó di orí kẹjọ. Jẹ́ kí àwọn Ṣọlá máa jìyà.

Lékan Agbẹjọ́rò

Bàtà fi hàn pé wọ́n pa á, kò fi ẹni tó pa á hàn. Fiscal á bi ọ́. Àlàjẹ́ tí Kofi gbọ́, àlàfo AIS, àti ìyá àgbà tó mọ ẹni tí kò wá síbi ìsìnkú: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí lábẹ́ òfin kò ju méjì lọ, ó sì ku ẹni tó máa dúró ní kọ́ọ̀tù sọ ẹni tó ni àlàjẹ́ yẹn. Orí kejì dà?